Wáípà Tó Ń Dúró Lórí Òkè: Ẹ Má Tíì Gé Ohunkóhun

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń gbé. Bàbá mi àgbà ra ọkọ̀ akẹ́rù kékeré Chevrolet ti ọdún 1952 lọ́wọ́ òyìnbó míṣọ́nnárì kan tó ń padà sí Amẹ́ríkà, èmi ni wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára. Wáípà rẹ̀ ló ń dà mí láàmú. Tí mo bá dúró, á máa lọ á máa bọ̀ dáadáa. Tí mo bá wá tẹná láti gun òkè, á dúró sáàárín gíláàsì. Rewáyà kan ní kí n gé gbogbo rẹ̀ dànù, kí òun fi mọ́tò wáípà Toyota sí i. Ṣé kí n gbà fún un? Ìrántí bàbá àgbà ń bọ̀ lóṣù kẹsàn-án ní Ọ̀yọ́, ọkọ̀ yìí la sì fẹ́ gbé lọ.

Ìdáhùn: Ẹ má tíì gbà fún un. Rewáyà ni èmi náà, mi ò sì fẹ́ ba iṣẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ mi jẹ́, àmọ́ ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí kì í ṣe ti mọ́tò tó ti kú. Mọ́tò tó bá ti kú kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀. Tiyín ń ṣiṣẹ́, agbára ni kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó.

Wáípà ọkọ̀ yín kì í lo iná bátìrì rárá, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń fà á. Nínú ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù, bí písítìnì bá ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ló ń fa afẹ́fẹ́ wọlé láti kábúrétọ̀, gba inú mánífóòlù, ìyẹn ọ̀nà irin tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ẹsẹ̀ yín kò bá sí lórí tọ́tù, ìyẹn ohun tí ẹ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti tẹná, ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ kékeré tó wà nínú kábúrétọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tì pátápátá. Ẹ́ńjìnnì á máa fà, afẹ́fẹ́ kò ní rí ọ̀nà wọlé tó, agbára ìfà á wá pọ̀ gan-an nínú mánífóòlù. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń gbé agbára ìfà yẹn lọ sí mọ́tò wáípà. Ẹ wá tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ kí ẹ lè gun òkè: ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, afẹ́fẹ́ ń wọlé fàlàlà, agbára ìfà sì lọ sílẹ̀ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Ìgbà tí òjò ń na gíláàsì tí ẹ sì ń sáré gan-an ni wáípà máa ń rẹ̀ jù.

Àwọn tó ṣe é mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bátìrì ọkọ̀ ìgbà náà kò ju fóltì 6 lọ, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kò lágbára, iná iwájú àti sítátà sì ti ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Agbára ìfà ẹ́ńjìnnì ní tirẹ̀ wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún 1903 ni Mary Anderson, obìnrin ará Alabama, gba ìwé àṣẹ lórí wáípà tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà láti inú ọkọ̀. Nígbà tó yá ni àwọn ilé iṣẹ́ bíi Trico ní ìlú Buffalo wá sọ ọ́ di èyí tí ìfà afẹ́fẹ́ ń mú ṣiṣẹ́. Àwọn dírébà ìgbà náà mọ ọgbọ́n rẹ̀: bí wáípà bá ti fẹ́ dúró, wọn á gbé ẹsẹ̀ sókè lórí tọ́tù díẹ̀, á gbá gíláàsì lẹ́ẹ̀mejì, wọn á tún tẹná. Ẹ̀yin náà lè máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, èyí tí ara rẹ̀ le máa ń falẹ̀ lórí òkè ni, kì í dúró pátápátá lórí òkè kékeré. Bí tiyín bá ń dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó tẹ̀ lé odò Ọbà, ohun kan ti ń jí agbára náà lọ lójú ọ̀nà. Ohun tó ń jí i la máa wá, kò sì sí ohun tí a máa gé.

(Ẹni tó bá ní Bedford tàbí Mercedes 911 oní-díísù tó ń ka èyí, ẹ má ṣe tẹ̀ lé apá tó kan ìfà afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì díísù kò ní ilẹ̀kùn tọ́tù irú èyí, nítorí náà kò sí agbára ìfà tí wáípà lè lò nínú mánífóòlù wọn. Ohun tí mo máa sọ nípa iná nísàlẹ̀ ló kàn yín.)

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí gíláàsì, kí ẹ máa bọ̀ wá sínú. Ẹ tú rọ́ọ̀dù méjèèjì kúrò lára mọ́tò wáípà tó wà láàárín, lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ wá fi ọwọ́ yí ìdí wáípà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn irin kékeré tó yọ síta lábẹ́ gíláàsì, tí apá wáípà dúró lé. Ó gbọ́dọ̀ máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo lè fi gbogbo ẹnu sọ ọ́ pé ibí yìí ni ọ̀rọ̀ máa ń wà jù nílẹ̀ wa. Gíríìsì àtijọ́ pọ̀ mọ́ eruku ọyẹ́, ó di amọ̀, amọ̀ náà sì le bí àpáta. Agbára mọ́tò afẹ́fẹ́ kò pọ̀. Bí ìdí wáípà bá le díẹ̀ péré, ó ti tó láti dá a dúró. Ẹ yọ ìdí wáípà jáde, ẹ rẹ ẹ́ sínú karosíìnì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ tó kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ sí i. Ẹ má fi gíríìsì tó nípọn sí i padà, eruku ọyẹ́ tó ń bọ̀ ni ẹ ń ṣètò fún. Bí búúṣì inú rẹ̀, ìyẹn òrùka tí irin náà ń yí nínú rẹ̀, bá ti jẹ, tí irin náà ń mì tẹ̀ẹ̀tẹ̀ẹ̀, kí ẹni tó ní ẹ̀rọ léèsì gé búúṣì bàbà tuntun fún yín. Iṣẹ́ kékeré ni.

Lẹ́yìn èyí, rọ́bà. Ẹ tẹ̀ lé e láti ẹnu mánífóòlù títí dé ìdí mọ́tò wáípà. Rọ́bà tó ti pẹ́ á máa sán, á sì le gbagidi níbi tó bá ti sún mọ́ ooru ẹ́ńjìnnì. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n fi ike funfun múlọ́múlọ́ tí wọ́n fi ń fa omi rọ́pò rọ́bà yìí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, ike náà á rọ̀, agbára ìfà á sì fà á pọ̀ mọ́ra, ihò àárín rẹ̀ á dí. Rọ́bà bẹntiróòlù tó nípọn, tó ní òwú láàárín, ni kí ẹ rà, kí ihò rẹ̀ bá ẹnu mánífóòlù mu gẹ́lẹ́, kí ẹ sì fi kílípù dè é ní ìkángun méjèèjì. Kí ẹ tó dè é mọ́ mọ́tò wáípà, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ wá fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà náà. Ó gbọ́dọ̀ gbá àtàǹpàkò yín mú. Ìró ẹ́ńjìnnì á yí padà, á sì dúró sójú kan nígbà tí ẹ bá dí i, nítorí afẹ́fẹ́ kò gba ẹnu rọ́bà wọlé mọ́.

Bí ẹ bá rí gééjì ìfà yá lọ́wọ́ mẹkáníìkì, ẹ fi sí ẹnu rọ́bà yìí. Ẹ́ńjìnnì tó le máa ń fi ínǹṣì mẹ́kúrì (òun la fi ń wọn agbára ìfà) 17 sí 21 hàn nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ nítòsí òkun. Ògbómọ̀ṣọ́ ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní 300 mítà, nítorí náà ẹ yọ ínǹṣì kan kúrò: 16 sí 20 dára fún wa. Bí ó bá wà ní 12 tàbí 13, tí kò sì sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò, ó lè jẹ́ pé tímíìnì iná, ìyẹn àkókò tí púlọ́ọ̀gì ń tan iná, ti yẹ̀, tàbí kí ríìngì písítìnì tàbí fáàfù ti jẹ. Bí ọwọ́ gééjì bá ń gbọ̀n pìrìpìrì, fáàfù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ ní ẹ́ńjìnnì náà dára, mo sì gbà, àmọ́ gééjì ni kí ó jẹ́rìí sí i. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá lè fà, owó tí ẹ bá ná sórí wáípà á ṣòfò.

Ó kù mọ́tò wáípà fúnra rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù tú u. Irin dídà tí wọ́n fi ṣe ara rẹ̀ máa ń sán. Nínú rẹ̀, ẹ máa rí abẹ̀bẹ̀ kan tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú yàrá olóbìrípo, pẹ̀lú fáàfù kékeré tó ń yí ọ̀nà afẹ́fẹ́ padà bí abẹ̀bẹ̀ náà bá ti dé ìkángun. Etí abẹ̀bẹ̀ náà ni awọ tàbí rọ́bà wà, èyí tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Awọ tó bá ti gbẹ á ká kúrò lára ògiri yàrá náà, afẹ́fẹ́ á sì máa gba ibẹ̀. Ẹ nu inú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó mọ́, ẹ fi epo fẹ́lẹ́ pa awọ náà, ẹ jẹ́ kó mu ún mọ́jú, kí ẹ tún pa á. Bẹntiróòlù á tún gbẹ ẹ́ sí i.  Kí ó má kàn án.

Bí awọ náà bá ti ya, ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kí ẹ sọ mọ́tò náà nù, nítorí pé kò sí irú rẹ̀ ní Araromi ní Ìbàdàn tàbí ní Ladipo l'Ékòó. Lóòótọ́, ẹ lè má rí i níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ tí ẹ ń lọ yìí, ìlú àwọn oníṣọ̀nà awọ ni. Ẹ mú abẹ̀bẹ̀ náà dání, ẹ wá awọ ewúrẹ́ tó fẹ́lẹ́, tó rọ̀, tí wọn kò tíì pa láró, kí wọ́n fi ti àtijọ́ wọn ọ̀n, kí wọ́n gé e bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹni tó ń ṣe tìmùtìmù àti àpò láti kékeré á gé awọ yìí dáadáa ju rewáyà èyíkéyìí lọ, inú mi sì máa ń dùn tí iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa bá gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ là. Kí ẹ rí i pé ó fara kan ògiri yàrá náà yíká láìfún un jù: ẹ fi ọwọ́ yí i, kó máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ wá fi ìka dí ẹnu ihò kan, ẹ máa gbọ́ pé ó ń jà.

Tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí ẹ ṣì fẹ́ kó le sí i lórí òkè, mo ní ohun kan tí mo fẹ́ràn ju mọ́tò Toyota lọ. Ẹ fi àgbá ìpamọ́ sí i. Ẹ wá àgbá irin kékeré tó le, tó gba bíi lítà 4 sí 8, irú èyí tí wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ pamọ́ sí. Kì í ṣe garawa páànù, agbára ìfà á tẹ̀ ẹ́ wọnú. Ẹ má sì lo ohun tó ti gba bẹntiróòlù rí bí ẹ bá máa jó o pọ̀. Ó lè bú gbàmù lójú wẹ́lídà. Láàárín mánífóòlù àti àgbá, ẹ fi fáàfù ọlọ́nà kan sí i, irú èyí tó wà lórí rọ́bà bústà bíréèkì lára ọkọ̀ tòkunbọ̀. Èyí wà káàkiri. Kí ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú àgbá, kí ó má sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ padà. Láti ara àgbá ni rọ́bà á ti lọ sí wáípà. Lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa fa inú àgbá gbẹ; lórí òkè, wáípà á máa jẹ nínú ìpamọ́ náà fún ìgbà díẹ̀. Kò lè gbé e gun òkè gígùn kan tán, mi ò ní tàn yín, ṣùgbọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà láàárín Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ kì í ṣe òkè Èkìtì.

Wàyí o, bí ó bá di dandan kí ẹ lo iná. Mi ò bínú sí i, ẹni tó ń gbé ọkọ̀ jáde lójoojúmọ́ nínú òjò nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ka ìdérí orí bátìrì. Mẹ́ta túmọ̀ sí fóltì 6, bí ó ṣe jáde láti ilé iṣẹ́ nìyẹn. Mẹ́fà túmọ̀ sí 12, ẹnìkan ti yí i padà. Mọ́tò fóltì 12 lórí bátìrì 6 á máa wọ́ bí ìgbín. Mọ́tò 6 lórí 12 á jóná. Mọ́tò tí wọ́n yọ lára tírélà, fóltì 24 ni, kò wúlò fún yín.

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù ni bí mọ́tò náà ṣe ń rìn. Tiyín ti àtijọ́ ń lọ, ó ń bọ̀, fúnra rẹ̀. Èyí tó wà lára Toyota ń yí róbótó láìdúró, irin kékeré kan tó wà lẹ́nu rẹ̀ ló sì ń sọ yíyí náà di lílọ-bíbọ̀. Bí rewáyà bá kàn so rọ́ọ̀dù yín mọ́ ọn láìwọ̀n, ó lè tẹ rọ́ọ̀dù tàbí kó gbá apá wáípà mọ́ ẹ̀gbẹ́ gíláàsì. Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí: ká ní apá irin tó wà nídìí wáípà gùn ní sẹ̀ǹtímítà 5. Bí irin ẹnu mọ́tò bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3, wáípà á gbá nǹkan bíi dígírì 74. Bí ó bá jẹ́ 4, á gbá bíi 106. Bí ó bá jẹ́ 5 bákan náà, á há, mọ́tò á sì jóná tàbí kó fọ́ nǹkan. Nítorí náà, irin ẹnu mọ́tò gbọ́dọ̀ kúrú ju apá ìdí wáípà lọ. Ẹ ní kí wọ́n lu ihò mẹ́ta sára irin pẹlẹbẹ, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó kúrú jù, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí i róbótó pátápátá láìfi iná sí i. Ìgbà tí ẹ bá rí i pé kò kan ohunkóhun ni kí ẹ tó ronú iná. Bí ẹ bá rí mọ́tò wáípà tírákítọ̀, irú èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ fúnra rẹ̀, gbogbo ìṣirò yìí ti kúrò nílẹ̀.

Wáyà: ẹ má jẹ́ kí wọ́n lo wáyà ilé. Bàbà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, gbígbọ̀n ọkọ̀ á dá a. Wáyà ọkọ̀ tó ní irun púpọ̀ ni kí wọ́n fà. Bí bátìrì yín bá jẹ́ fóltì 6, kí wáyà nípọn sí i, nítorí iná tó máa gba inú rẹ̀ á tó ìlọ́po méjì fún iṣẹ́ kan náà. Fíúsì tirẹ̀ gbọ́dọ̀ dá wà. Fíúsì áńpíà 10 tó fún mọ́tò kékeré fóltì 12. Ẹ sì rí i pé wọ́n so wáyà ìpadàsílé, èyí tí kì í kú bí ẹ bá pa súìṣì, títí wáípà á fi sùn sí ìsàlẹ̀ gíláàsì. Rewáyà tó ń kánjú máa ń fi èyí sílẹ̀, wáípà á wá dúró síwájú ojú dírébà gan-an. Ẹni tó bá ní Ford ìgbà kan náà, kí ó rántí pé pósítíìfù ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀ títí di 1955; nẹ́gétíìfù ni ti Chevrolet yín.

Kí wọ́n má lu ihò tuntun kan ṣoṣo sára páànù. Kí irin tó gbé mọ́tò tuntun lo ihò bọ́ọ̀tì ti àtijọ́. Ẹ di mọ́tò afẹ́fẹ́ náà sínú ọ̀rá, kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Ọkọ̀ bàbá yín àgbà ni. Ọmọ yín lè fẹ́ dá a padà sí bó ṣe wà.

Nípa rọ́bà tó ń nu gíláàsì, gíláàsì yín pín sí méjì, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọdún 1954 ni Chevrolet bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀kan ṣoṣo tó tẹ̀ fún ọkọ̀ akẹ́rù wọn. Rọ́bà àwọn ọkọ̀ òde òní gùn jù, ó sì tẹ̀, apá wáípà wọn sì ní sípíríǹgì tó le ju ohun tí mọ́tò afẹ́fẹ́ lè gbé lọ. Ẹ wọn gígùn tiyín, ẹ wá èyí tó kúrú lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ Márúwá. Oòrùn àti ọyẹ́ ló ń pa rọ́bà níbí, òjò kọ́. Ẹ má tan wáípà lórí gíláàsì gbígbẹ tí eruku bò, yanrìn inú eruku á ha gíláàsì náà, irú gíláàsì yẹn kò sì ṣeé rí rà ní Tákìẹ́ l'Ógbómọ̀ṣọ́. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ ná. Tábà tàbí ọṣẹ ìfọṣọ tí àwọn dírébà ń fi pa gíláàsì nínú òjò lè gbé yín dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láìfarapa, ṣùgbọ́n kò lè gbé yín dé Ọ̀yọ́.

Oṣù kẹsàn-án ń bọ̀, òjò ìgbà náà kì í sì í ṣe kékeré. Lọ́sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan máa da omi sí gíláàsì láti orí ọkọ̀ nígbà tí ẹ ń gun òkè kan nítòsí ilé pẹ̀lú gíà kejì, ní ọ̀sán, níbi tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí. Kí ẹni náà jókòó sínú ibi ìkẹ́rù, kó má dúró, kí ẹ sì rọra máa lọ. Bí wáípà bá falẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò dúró, ẹ gbé ọkọ̀ náà lọ síbi ìrántí, kí ẹ bọ́ sọ́nà ní kùtùkùtù, kí ilẹ̀ má ṣú bá yín lójú ọ̀nà. Bí ó bá ṣì ń dúró, ẹ kọ iye tí gééjì sọ ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sì sọ bóyá ìdí wáípà ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́.